Ìbọn Tó Dún Níbi Ìsìnkú Zakeyo

Ẹ̀gbọ́n mi Esinati,

Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Ẹ má tìtorí ọ̀fọ̀ gbàgbé rẹ̀ o.

A ti sin àbúrò wa Zakeyo sí Kabwe níbí. Ẹ béèrè bóyá àwọn ológun yìnbọn ẹ̀yẹ fún un, torí ó sìn wọ́n títí irun rẹ̀ fi funfun. Ojú ọjọ́ dára. Àyè gbà wá dáadáa ní itẹ́ òkú, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì.

Nínú àwọn ológun, Kapambwe nìkan ni mo rí. Ẹ̀yà Bẹ́ḿbà ni, àwọn àti àwa Ngoni sì ti máa ń bú ara wa ṣàwàdà látayébáyé, títí dé ibi òkú, torí náà ó kúkú lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òkú Ngoni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nà gbalaja sétí ibojì, ó ń pariwo: "Zakeyo, Ngoni tó ń jẹ èkúté! Ta ló ní kó o sùn? Dìde, fèrè ti dún!"

Ìyàwó Zakeyo dá a lóhùn: "Ìwọ tó ń jẹ ọ̀bọ, fi ọkọ mi sílẹ̀ kó sinmi!"

A rẹ́rìn-ín. Kapambwe wá dìde, ó nàró ṣánṣán, ó na apá sókè bí ìbọn, ó sì fi ẹnu yìn ín: "Gbàù! Gbàù! Gbàù!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín nílé ní Chipata lọ́hùn-ún, ẹ ní ìbọn dún.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Kí wọ́n má gun òrùlé tó ń jò yẹn o.

Àbúrò yín,
Lameki