Ìka Méjì Lábẹ́ Téèpù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ìṣirò ti ń dàrú mọ́ Màámi lójú. Lánàá ó gé apá aṣọ kan kúrú, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní aṣọ ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti Sátidé yìí – tí òun bá tún bà á jẹ́, òun á fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀, òun ò ní ránṣọ mọ́. Màámi tí kì í lè jókòó lásán fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ni mo wá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún?

Ọjọ́rú, 5

Mo kọ fọ́ńṣọ̀n kan, àṣẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Agéṣọ ni mo sọ ọ́. Pe orúkọ rẹ̀, fún un ní àyà, ìbàdí, gígùn – á sọ ibi tí o máa gé fún ọ. Mo ní kó fi ínǹṣì mẹ́ta kún ìwọ̀n náà, kí aṣọ má baà há mọ́ èèyàn lára. Màámi bi mí bóyá ó máa ń jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6

A fi aṣọ àlòkù dán an wò, pẹ̀lú nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìwé ìwọ̀n Màámi. Ó dà bí àpò ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, a wá a tì. Òun rẹ́rìn-ín, Màámi ò rẹ́rìn-ín. Mo yẹ Agéṣọ wò láti òkè délẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo ti rí i! Láàárọ̀ mo ní kí Màámi wọ̀n mí. Bó ṣe yí téèpù ká mi láyà, ìka rẹ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ni ìka ń wá níbẹ̀. Ó ní, ṣé èèyàn ò ní í mí ni? Ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ̀n gbogbo ayé. Àyè ti wà nínú nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù tún lọ fi mẹ́ta lé e. Mo pa ìlà tó ń fi mẹ́ta kún un rẹ́ nínú Agéṣọ. Lọ́sàn-án ó gé aṣọ ìgbéyàwó náà, èmi ń ka èsì Agéṣọ sí i létí.

Àbámẹ́ta, 8

Ó bá nọ́ọ̀sì mu wẹ́kú. Màámi sunkún, ó ní eruku ni.

Àìkú, 9

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sókè Agéṣọ, èyí tí ẹ̀rọ kì í kà, fún ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú: Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ìka Màámi ti wà níbẹ̀.

Mo kà á fún un. Ó ní, bí òun ò bá sí mọ́ ńkọ́?

Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó gbé apá sókè. Mo yí téèpù ká a láyà, mo ti ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ó há. Mo tún un ṣe.