Ohun Tí Màmá Rí Lójú Fèrèsé

Gírénì, létí odò Dánúbù,
Ọsitíríà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Òkúdù, 2019.

Àǹtí mi àtàtà, Traudl,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú? Bọ̀dá Hannes ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fi ọ̀rọ̀ tòmátì wọn dá yín lágara? Ara tiwa le. Poldi ọkọ mi ń ṣe bí ọ̀dọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ìdí ń ro ó, kò jẹ́ jẹ́wọ́.

Àǹtí mi, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Àwa mẹ́rìnlá la jọ ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Pásáù. Gernot ló ń mú wa kiri, ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Gbogbo ààfin àti ilé ìjọsìn àtijọ́ tá a yà sí, ẹ̀rín ló ń pa wá. Níjẹta la dé ìlú tí wọ́n ti bí màmá wa. A gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n fọ́ òkúta, tí wọ́n sì ń pa wọ́n, nígbà ogun àgbáyé kejì. Ni Gernot bá ní, "Ẹ má jẹ́ kí ibí bà yín nínú jẹ́ o. Àwọn ará ìlú ò kúkú mọ nǹkan kan. Ta ló fẹ́ kéèkì? Ilé kọfí wà nísàlẹ̀."

Mo ní, "Irọ́ lo pa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

Mo sọ ohun tí màmá rí lójú fèrèsé ní gbangba: bí ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n kan, gbígbẹ bí igi ìdáná, ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé wọn láti mú èèpo ápù tí màmá dà fún adìyẹ, tí ẹ̀ṣọ́ yìnbọn fún un níbẹ̀, bí bàbá àgbà ṣe fa kọ́tìnì, tó ní kí wọ́n máa mu ọbẹ̀ wọn lọ. Obìnrin kan nínú wa, ará Línsì, kàn ní, "Ẹ ṣáà má ba ìsinmi jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, ó di ìdí kéèkì. Poldi náà ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní kó máa bá wọn lọ. Kò lọ.

Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ń bí mi nínú. Nígbà tá a sin màmá, tí àlùfáà béèrè ìgbà èwe wọn, ẹ ní ayé dídùn ni wọ́n jẹ létí odò. Èmi náà dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nídìí abọ́ tí à ń fọ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a.

Lánàá mo padà lọ sí ìlú yẹn, sọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn tó kú níbẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀, mo sọ orúkọ màmá, mo júwe ilé náà. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ dá bíírò dúró, ó ní, "Orúkọ ọkùnrin yẹn lè wà nínú ìwé wa níbí o." Ó ní ta ló tún gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu màmá. Mo fún un ní nọ́ńbà yín. Tó bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Hannes àtàwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tí kò lè dákẹ́ mọ́,
Roswitha