Fèrè Tírélà Lẹ́yìn Ògiri Ilé-Ìwé Rekiat

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ṣówándé,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Amójútó Ìdúró Ọkọ̀ Ńlá,
Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ KÓ TÍRÉLÀ KÚRÒ LẸ́YÌN ILÉ-ÌWÉ ỌMỌ MI

1. Awakọ̀ tírélà ni èmi náà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó ẹrù ní Kirikiri, nítorí náà n kò kórìíra iṣẹ́ wa.

2. Rekiat ọmọ mi pé ọmọ ọdún méje. Kò gbọ́ràn láti ìgbà tí a ti bí i. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un: wọ́n fi ẹ̀rọ kan sínú orí rẹ̀, ó sì ń fi èkejì há ẹ̀yìn etí kí ó tó lè gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, mo pe orúkọ rẹ̀, ó sì yíjú. Mo sunkún níwájú nọ́ọ̀sì, ojú kò tì mí.

3. Ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé rẹ̀ ni tírélà ń tò sí láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń retí àtiwọ èbúté. Fèrè kì í dákẹ́. Olùkọ́ rẹ̀, Ìyáàfin Nneka, ní bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gbé ohùn òun wọlé náà ló ń gbé fèrè wọlé, àti pé Rekiat a máa sá sábẹ́ tábìlì.

4. Ibi tó dùn mí jù rèé. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, èmi náà a máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọmọ mi lè mọ̀ pé bàbá òun ló ń lọ. Ọdún márùn-ún ni mo fi pè é tí kò gbọ́. Ayọ̀ ló ń ṣe mí. N kò mọ̀ pé mò ń dá a lóró.

5. Láti oṣù kẹfà ni ó ti ń yọ ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí náà fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní báyìí, kò fẹ́ fi sétí nílé pàápàá. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ kìlọ̀ pé bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

6. Mo ti jáwọ́ nínú fèrè fífọn níbẹ̀. Mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà. Obiora, aṣáájú wa, káàánú mi, ṣùgbọ́n ó ní àwọn òṣìṣẹ́ yín ló ní ká máa tò síbẹ̀, ẹni tó bá kúrò yóò pàdánù àyè rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ìlà náà sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Warehouse Road, bó tilẹ̀ jẹ́ títí di aago méjì tí ilé-ìwé ń parí nìkan.

Lánàá, mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọrin, Rekiat jókòó láàrin wọn, ó ń wo ẹnu wọn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò yíjú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tájù Fàsásì,
Awakọ̀ tírélà, bàbá Rekiat.