Júdásì Ọdún Kẹrin

                                        Yàrá 14, Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
                                        Wilhelmsburg, Hamburg.
                                        23 Oṣù Kẹrin, 2025.

Adéfọláhàn, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa ni o? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì wó ilé lé yín lórí? Ojú Màmá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣé ó ti ń ríran dáadáa? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo wá sí Jámánì wá kọ ìwé nípa òkú òyìnbó. Òkú náà ni Warren Haddley, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tí Masterarbeit mi, ìwé tí mo fi ń parí ẹ̀kọ́, dá lé lórí. Apànìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó ṣe, ó ṣe é débi pé wọn ò fún un ní nǹkan mìíràn mọ́. Fíìmù mọ́kànlélógójì, kò sí èyí tí wọn ò ti yìnbọn pa á tàbí kí wọ́n yẹgi fún un. Ó bẹ ilé-iṣẹ́ tó gbà á pé kí òun ṣe dókítà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, wọ́n sì fi oṣù tó fi jókòó kún àdéhùn ọdún méje tó fọwọ́ sí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ń sunkún nídìí sàréè, àwọn oníròyìn kọ ọ́ pé kò tíì ṣeré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ṣe àkàlàmàgbò ń bọ̀ wá bá igúnnugún.

Ọdún kẹrin rèé tí mò ń ṣe Júdásì nínú eré Àjíǹde ìjọ wa. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí mi, wọ́n á figbe ta: "Mama, Judas kommt!" pé Júdásì ń bọ̀. Lọ́dún yìí mo bẹ Bùrọ̀dá Akin tó ń darí eré pé kí wọ́n fi mí ṣe Pétérù, kódà kí n ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n ní, "Bro Tìmí, abeg, ta ló tún lè sunkún bíi tìẹ? Next year, by God's grace." Ohun tí wọ́n sọ lésìí náà nìyẹn.

Berlin ni wọ́n pè wá sí lọ́tẹ̀ yìí, nínú ìjọ ìyá Dúnní, ọmọbìnrin tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ fẹ́. Màmá Dúnní kò rí mi rí. Júdásì ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Mo sunkún débi pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo lọ kí wọn nílé ní àdúgbò Gesundbrunnen, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹkún àná yẹn wọ̀ mí lára o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ṣẹ ọmọ mi, tí o wá ń sunkún níwájú mi, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?" Bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀, omi bọ́ lójú mi lóòótọ́. Wọ́n ní, "Dúnní, wò ó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Dúnní ò gbé ojú sókè.

Wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ mí kí n tó mọ eré ṣe wá jẹ́rìí mi kó tó di Pẹ́ńtíkọ́sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má padà wá. Bàbá àti ìyá mi ti lọ, ìwọ nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, pe Màmá Dúnní lórí fóònù. Sọ bí a ṣe jọ ń sùn lórí ẹní kan. Sọ nípa ọjọ́ tí ìyá mi kú, tí ẹkún kọ̀ tí kò wá, tó jẹ́ pé ìwọ lo bá mi sun ún.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o kí ìyàwó, kí o sì gbé àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Omi wà lójú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo dígí, bóyá ó jọ òótọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ̀ ṣáájú Júdásì,
Tìmílẹ́yìn.