Ọjọ́ Méjì Tí Mo Fi Dákẹ́

Agbolé Sàlàhúdíìnì,
Òwu, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1986.

Bùsírátù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì bá ọ kí otútù ìlú Fíẹ́nà tí o ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Àwa níhìn-ín kò ní ohun tí a ó fi sun Ọlọ́hun, àfi ẹ̀yìn tó ń dun bàbá rẹ, ìyẹn náà kò sì dí i lọ́wọ́ àtilọ kírun Jímọ̀. A dúpẹ́.

Wàá rí i pé èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe Abíọ́nà àbúrò rẹ tó máa ń bá mi kọ ọ́. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí o fi tipátipá tì mí lọ ti so èso. Bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é gbé sọ́wọ́ ọmọ kọ.

O kọ̀wé pé àwọn ìjọba ayé pàdé lọ́dọ̀ yín nítorí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó gbiná ní Rọ́ṣíà lóṣù kẹrin, wọ́n sì ṣe òfin méjì. Èkíní: orílẹ̀-èdè tí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, tí oró rẹ̀ sì lè kọjá ààlà, gbọ́dọ̀ tètè ké sí àwọn aládùúgbò rẹ̀, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í. Èkejì: ẹni tó bá ké fún ìrànlọ́wọ́, kí àwọn yòókù lè bá a gbé e. O ní ìwọ lo tẹ púpọ̀ nínú ìwé tí ọ́fíìsì aṣojú wa lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìparí rẹ̀, àánú rẹ ṣe mí. O ní, "Ìyá mi, ta ni yóò jẹ́wọ́? Ọlọ́pàá wo ló lè mú odindi ìjọba?" O ní bóyá kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé.

Ó dára, gbọ́ tèmi. Nígbà tí rédíò ní odindi ọjọ́ méjì kọjá kí Rọ́ṣíà tó la ẹnu, pé àwọn ará Súwídìn ti rí oró nínú afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn, mo bú wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní, "Ẹ ò rí aláìnítìjú! Ọmọ aládùúgbò ń fa oró símú, wọ́n dákẹ́!" Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó Olúṣẹ̀yẹ tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ló jókòó tì mí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú oyún nínú.

O mọ àṣà àwa aláró. Ìkòkò aró tó bá bàjẹ́, a kì í sọ ọ́ síta. Bí oníbàárà bá gbọ́, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ ti yí padà. Ìdájí la máa ń dà á nù, tílẹ̀ bá mọ́ a ó máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà rẹ dé, ìkòkò ńlá mi bàjẹ́. Mo ti da sódà jù sí i, sódà ìgbàlódé tí ń bó èèyàn lọ́wọ́, kì í ṣe omi eérú tí ìyá mi ń lò. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo dà á sí gọ́tà ẹ̀yìn balùwẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ, òjò dé, gọ́tà kún, ó sì ya wọ kànga ilé Olúṣẹ̀yẹ. Ojú mi ló ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi, sódà ni mo dà.

Mo dákẹ́. Èmi olórí ẹgbẹ́ aláró! Mo ń tan ara mi pé kànga jìn, pé omi á bo sódà mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ n kò pọn omi níbẹ̀ mọ́. Omi ẹ̀rọ ojú títì ni mo ń lọ gbé láti fi ṣe àlùwàlá. Bùsírátù, omi mímọ́ ni mo fi ń wẹwọ́ wẹsẹ̀ kírun, mo sì ń wo àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ń fa omi tí mo bà jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé ní omi kànga ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Mo ní òjò ni.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni lẹ́tà rẹ dé. Mo ń kà á díẹ̀díẹ̀, mo sì dé ibi tí o ti ní kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í. N kò lè ka èyí tó kù. Mo sọdá láìwé gèlè. Mo sọ ohun tí mo dà fún Abọ́sẹ̀dé, mo sọ ibi tí mo dà á sí, mo sọ ọjọ́ rẹ̀. Ó wo Dìran, ọmọ oṣù mẹ́rin tó gbé dání. Ara ọmọ náà ti pupa láti àná, wọ́n rò pé ooru ni. Ó wá wò mí, ó ní, "Ìyá Bùsírà, ọjọ́ méjì." Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

A gbé Dìran lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló kàn án lára, mo dáhùn. Ó ní ó dára tí òun mọ̀ ọ́n, torí ìpara ooru tí wọ́n ti rà sílé ì bá dá kún un ni. Omi kànga ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọmú nìkan ni ọmọ náà ń mu, kò gbé omi náà mì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Àlùhámúdù lílàhì!

Àwọn aláró tí mo ń bẹ̀rù ẹnu wọn ńkọ́? Mo jẹ́wọ́ fún àwọn náà, mọ́kànlá nínú wọn ló sì jáde wá ràn wá lọ́wọ́. Ìyá Àmúdà tí a ti ń bá ara wa díje láti ọgbọ̀n ọdún ló kọ́kọ́ ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ọjọ́ méjì la fi gbọ́n kànga náà, Olúṣẹ̀yẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi í pamọ́, ta ni ì bá ràn mí lọ́wọ́? Òfin yín kejì, inú èkíní ló ti jáde. A ti wá fẹnu kò báyìí: ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá bàjẹ́, kó so aṣọ funfun tí a kò tíì rẹ láró mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí a lè bá a gbé e lọ sí kòtò tí a gbẹ́ jìnnà sí kànga.

Abọ́sẹ̀dé kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lánàá ó gbé ife omi kànga wá, ó kọ́kọ́ mu níbẹ̀, ó sì gbé ìyókù fún mi. Mo mu ún tán, omijé ń dà lójú mi.

Nítorí náà, má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó wọ agbolé wa lọ́jọ́ Àlàrùbá yẹn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí o tẹ̀ ló bá mi nílé.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí o fi ń tẹ̀wé. Oò ní í ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ilẹ̀ àjèjì yóò tù ọ́ lára, ojú wa yóò sì tún rí ara wa pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àsíátù aláró.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí Abíọ́nà ké pé aṣọ funfun wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àmúdà. Ìyá Àmúdà tó ń lérí pé ìkòkò òun kì í bàjẹ́ láéláé! Mẹ́fà la sáré lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, n kò sì ní sùúrù láti kọ òmíràn. Má bínú sí àmì ìka aró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Fi í han àwọn ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún wọn pé a ti tọwọ́ bọ òfin náà ní Òwu.