Irinṣẹ́ Mùílíù Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Èmi, Búrẹ́mọ̀ Àkànní Adéníjì, ọmọ bíbí Pọ̀bẹ̀, tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe ní Kútọnu láti ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìhágún yìí. Ẹ̀dọ̀ mi ni kò dára. Ọpọlọ mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ayọ̀ọlá, olùkọ́ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ni mo yàn kó mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹkún kì í sì í yí i lọ́kàn padà.

1. Ilé mi tó wà ní Abomey-Calavi: kí àwọn ọmọ mi, Mùíz àti Sọ̀fíyàt, pín in bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ẹ má tà á. Èmi àti Rasidat, ìyá yín, la fi orí ru iyanrìn rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe sọ fún un lọ, ó sì ti ṣáájú mi lọ.

2. Àgùntàn mẹ́ta: ti Mùíz ni. Kí ó fún wọn lóúnjẹ kó tó mú fóònù.

3. Alùpùpù pupa tí mo fi ń sáré ní títì Ekpè: ti Sọ̀fíyàt ni. Mùíz ti fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ń sáré. Ẹni bíni là ń jọ. Mo wá wo eré ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan. Gbogbo ọwọ́ ló na fóònù sókè, olúkúlùkù sì faṣọ bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹnìkejì má baà rí i. Nígbà tiwa, alùpùpù tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ náà la fi ń sáré, eré kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó fẹ́ bá ọ sáré ti yẹ bíréèkì rẹ wò. Bó bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. O ti fi ẹ̀mí rẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ ti pa àṣà yìí tì. Dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Ayọ̀ọlá ta alùpùpù náà. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

4. Àpótí irinṣẹ́ mi: ti Mùílíù Ọláolú ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́. Àwa méjèèjì la sì ń fẹ́ Rasidat, ẹni tó máa ń ju ìborùn sílẹ̀ kí eré lè bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1998, ìborùn tí Mùílíù rà fún un ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jowú. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú alùpùpù Mùílíù, n kò fọwọ́ kan bíréèkì, mo dìde, mo ní ó dára. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí a sáré débi tó yẹ ká dúró, igi àgbọn ló dá a dúró. Èmi ni mo gbé alùpùpù náà kúrò, mo sì rí wáyà bíréèkì tó ti ń já díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni ǹ bá fi mọ̀.

Mùílíù ń tiro títí dòní. Ó gbà pé àìmọ̀ọ́ṣe òun ni, nítorí òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà náà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún mi, ó ní ọwọ́ òun kò yẹ fún iṣẹ́ yìí mọ́, ó sì lọ ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò Jonquet. Irinṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èmi yìí náà ni mo fẹ́ Rasidat.

5. Níbi ìsìnkú mi, bí àlùfáà bá ní kí ẹni tí mo ṣẹ̀ forí jì mí, Mùílíù ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Mo mọ̀ ọ́n. Kí Ayọ̀ọlá ka ìpín kẹrin sí i létí kí wọ́n tó kírun sí mi lára. N kò fẹ́ kó dárí ohun tí kò mọ̀ jì mí.

Nígbà tí mo ka èyí tán, ojú tì mí. Ojo ni ẹni tó ń dúró dìgbà tó bá kú kó tó jẹ́wọ́. Mo fagi lé ìpín karùn-ún, mo sì ránṣẹ́ pe Mùílíù kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo fọwọ́ sí i ní Kútọnu, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

B. A. Adéníjì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ayọ̀ọlá Babátúndé, olùkọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Mùílíù Ọláolú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín pé òun kò tíì forí jì mí, pé òun ń gbé irinṣẹ́ òun lọ lónìí, àti pé kí n má tíì kú.