Owó Egungun àti Àwọn Afọ́jú Tó Ń Pín In

Gerlane ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run bù kún ọ. Mo tètè dáhùn nítorí mo mọ̀ pé bí o bá ṣe ń ṣí lẹ́tà yìí ni ẹnu rẹ á ti máa sọ pé ìyá mi, ẹ súre fún mi. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ooru Recife ò pọ̀ jù? Èmi àti bàbá rẹ wà láàyè, a dúpẹ́, ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn ti bí ìbejì, òjò sì ti rọ̀ débi tí ẹ̀wà fi hù, àgbàdo ló ṣì ń rò ó bóyá kóun hù tàbí kóun má hù. Neném tó gbé ọ ṣèrìbọmi ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti rí ọkọ, mo ní egungun lò ń wá.

Orí fóònù ni ǹ bá ti bá ọ sọ̀rọ̀, àmọ́ fóònù yìí ò ní sùúrù. Tí mo bá tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀, tí ìka mi bá fi lè yẹ̀ báyìí, ó ti gbé àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ pé bàbá rẹ ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, "bàbá rẹ ṣubú lulẹ̀" nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ, o sì sunkún dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ti bolsa, owó ìrànwọ́ tí o ní ìwọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jọ ń dù, ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bolsa tí èmi mọ̀ ni èyí tí ìjọba ń fún àwa abiyamọ, tí wọ́n á bi wá pé ṣé ọmọ ń lọ sílé ìwé, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí o wá ní ọ̀kan tún wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí egungun ayé àtijọ́, mo mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mélòó ni, mo ní ọdún mẹ́tàlélógún. Ó wò mí, ó wo káàdì, ó ní Dona Zulmira, èyí kọ́ ni bolsa yẹn o. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé o gba gbogbo rẹ̀ pé, torí ẹni tó fẹ́ máa wọ ihò ilẹ̀ lọ tu egungun kò gbọdọ̀ ṣaláìgba abẹ́rẹ́. Mo ti fi káàdì náà sínú àpòòwé yìí. Fi hàn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn tó máa ka ìwé tí o kọ fi tọrọ owó náà. O ní afọ́jú ni wọ́n, pé wọn ò ní mọ orúkọ rẹ, wọn ò ní mọ ibi tí o ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Bí ìjọba bá fẹ́ ran afọ́jú lọ́wọ́, ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ ìwé kíkà ló wá yẹ kí wọ́n fún wọn? Mo ti tan àbẹ́là síwájú Lúsíà Mímọ́ tó ń wo ojú sàn, nítorí tiwọn. Ìwọ náà, rí i pé o kọ ọ́ gàdàgbà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé bí wọn ò bá mọ ilé tí o ti wá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọmọ àbíire ni ọ́? Ó ní bóyá ohun tí wọ́n fi mú afọ́jú gan-an nìyẹn, kí wọ́n má bàa rí i pé ilé wa lo ti wá.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi gan-an ló kù yìí. O ní bí owó náà ò bá jáde kí oṣù Kẹfà tó tán, o máa kẹ́rù wálé, o máa lọ wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ní Juazeiro. Bàbá rẹ gbọ́. Ó mú òòlù rẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń la òkúta. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló la òkúta pẹlẹbẹ kan tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe egungun ẹja o, ojú wa ti mọ ẹja inú òkúta. Ẹranko abìyẹ́ ni, ó ká ìyẹ́ mọ́ra bí àdán tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ gùn, ó tẹ orí sí àyà bí ẹni tó ń ronú. Bàbá rẹ fi àpò gààrí bò ó wálé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ ohun tó ń rò. Òun náà ti rí i lórí fóònù pé egungun ọrùn rẹ ti yọ.

Ẹ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Aderbal, tó máa ń yọ́ ra òkúta wọ̀nyí bí òfin tilẹ̀ ní ká má tà á. Ta ló sọ fún un, mi ò mọ̀, etí pọ̀ ju ewé lọ ní abúlé yìí. Ó gun alùpùpù dé lọ́sàn-án, bàbá rẹ ò sí nílé. Mo gbé kọfí fún un. Ó dárúkọ iye kan, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n o máa jẹ ẹ́ títí ọdún á fi yípo, o sì tún máa fi ra bàtà. Ọmọ mi, mo fẹ́ gbà á. Mo ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo kàn bi í pé níbo ni òkúta yìí ń lọ ni. Ó ní òkè òkun, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n á ti tan iná sí i lórí. Mo ní bí ọmọ mi bá wá fẹ́ wò ó ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà ẹ kúkú lè ṣàwàdà, kó wọ bàálù lọ, kó sanwó lẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo ayé. Mo ní kó sanwó kó tó wo ohun tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ là? Ó ní Dona Zulmira, ẹ jọ̀ọ́, òkúta lásán ni. Mo ní bó bá jẹ́ òkúta lásán, kí ló lé ọ wá nínú oòrùn yìí, ṣé òkúta ti tán lọ́nà ni? Mo ní kó mu kọfí rẹ̀ kó máa lọ. Ó ní kò burú, ebi máa kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ní ebi ti gbé ọ̀dọ̀ mi rí, kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Bàbá rẹ bínú. O mọ̀ ọ́n, kì í pariwo, ṣe ló ń jẹ kuskus rẹ̀ tó kọjú sí ògiri. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ọmọ ń rù, ìwọ ń ṣe agídí. Mo ní Expedito, kí la tìtorí ẹ̀ rán an lọ? Ṣebí kó lè mọ orúkọ àwọn nǹkan tí ò ń là lójoojúmọ́ ni. Bí a bá wá tà wọ́n tán kó lè kàwé, kí ló máa kà? Ó jẹun tán, ó fọ abọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òkúta yẹn wúwo, kí n wá bá òun gbé apá kan.

A gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nílùú. Dókítà Marlúcia tó jẹ́ ọ̀gá wọn kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí a ṣí i, tòun ti aṣọ rẹ̀ tó mọ́. Ó ní ta ló rí i, bàbá rẹ ṣí fìlà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó kankan ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ rẹ, ó ní òun ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ṣiṣẹ́ lórí òkúta náà, pé àpò owó kékeré kan wà fún irú ẹ̀, ti ọdún kan, pé kí o pe òun kíákíá kí ẹ jọ kọ projeto tí ẹ máa fi tọrọ rẹ̀. Mo ní a ti ní projeto nílé, kànga tí ìjọba gbẹ́ fún wa tá a fi ń gba omi òjò, kò sì jò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, pé àwọn afọ́jú náà ló máa ka tibí. Pè é o, Gerlane. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, bàbá rẹ bi í pé èló ni àwa máa san tá a bá fẹ́ wá wò ó. Ó ní kò sí, ìgbàkígbà tó bá wù wá. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ó ní òun ń lọ ra ìṣó.

Èmi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa fún ọ. Mo kàn mọ̀ pé nǹkan yẹn ti wà nínú òkúta kí ìyá ìyá mi tó dáyé, kò kánjú. Bí wọ́n bá kọ̀ lọ́dún yìí, kọ òmíràn.

Bí o bá rí owó díẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti jẹun yó ni mo wí o, fi ránṣẹ́ ká fi ra ìgbànú tí bàbá rẹ máa fi di ìbàdí, torí ìbàdí ń dùn ún. Ọ̀dọ̀ Neném ni kó gbà wá. Báńkì inú fóònù tèmi ní kí n gbójú sókè kí n ṣẹ́jú sóun, abilékọ sì ni mí, mi ò lè máa ṣẹ́jú sí ẹni tí mi ò mọ̀.

Kí ilẹ̀ tí o bá gbẹ́ má fi ohun rere pamọ́ fún ọ. Kí àárẹ̀ má mú ọ lójú ọ̀nà, kí o rí ẹni tó máa fi omi tútù pàdé rẹ.

Bàbá rẹ jókòó tì mí. Mo ní kí ni kí n bá a sọ fún ọ. Ó ronú, ó ronú, ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má wálé. Mo ti ń lẹ àpòòwé pa kó tó ní kí n fi kún un pé òun ò fi ìbínú sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zulmira